Ìdánwò Eyín Tí A Kò Gbọdọ̀ Féèlì

Ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo kò ti abẹ́ ọwọ́ mi lọ ṣe ìdánwò kí ó sì fìdí rẹmi. N kò kọ gbólóhùn yìí sí ìbẹ̀rẹ̀ láti yangàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyangàn kì í ṣe àjèjì sí mi. Mo kọ ọ́ kí òǹkàwé lè mọ irú ẹni tí ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, mo sì ń gbé nínú ilé mi ní Okokomaiko pẹ̀lú ọmọ ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́fà. Ọmọ mi ọkùnrin tí ó bí i ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Ọjà Àlàbá. Òun àti ìyàwó rẹ̀ a máa tètè jáde láàárọ̀, nítorí náà ọwọ́ mi ni ọmọ náà wà. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìbà. Wọ́n ti bẹ̀ mí títí kí n tó gbà láti jókòó nínú ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ níbẹ̀, ibi ìpàdé ìgbìmọ̀ yìí sì ni dókítà eyín kan ti wá bá wa.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí awò ojú rẹ̀ ń yọ̀ bọ́ sórí imú ṣáá. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí fún àwọn ọ̀gá òun, òun sì fẹ́ wo ẹnu àwọn ọmọ kíláàsì kìíní lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún àkọ́kọ́, wọn yóò bi àwọn ọmọ náà ní ohun tí wọ́n ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu. Láti inú ìdáhùn wọn ni òun yóò ti sọ eyín ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹrà àti ẹni tí ọkàn wa lè balẹ̀ lé lórí. Ọmọ tí kò sí nínú ewu yóò gba káàdì aláwọ̀ ewé. Ẹni tí ewu rẹ̀ mọ níwọ̀n, aláwọ̀ ìyeyè. Ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀, pupa. Ní ọdún kejì àti ẹ̀kẹta, òun yóò padà wá wo ẹnu wọn bóyá bí òun ṣe sọ ọ́ ni ó rí, òun yóò sì fún wọn ní káàdì tuntun.

Bàbá kan tí ó ń ta àgbò ní Alaba Rago dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà," ó ní, "lọ́dọ̀ tiwa, tí a bá ti rí ẹni tó ń ṣí ẹnu àgbò wo eyín, ó fẹ́ rà á ni. Ta ló fẹ́ ra àwọn ọmọ wa?"

Dókítà náà ní òun kò fẹ́ ra ẹnikẹ́ni.

"Ká tiẹ̀ ní ẹ fẹ́ rà," ni bàbá náà wí bí ó ti ń jókòó, "tèmi yìí ń jẹun jù. Ẹ ò ní jèrè."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, dókítà náà ní òun ń wá àgbàlagbà kan tí yóò máa ka àwọn ìbéèrè náà sí àwọn ọmọ létí ní Yorùbá tí ó mọ́lẹ̀, tí ìwé kíkọ rẹ̀ sì ṣeé kà. Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi. Mo dúró kí wọ́n yí padà sí mi lẹ́ẹ̀kejì kí n tó dìde.

Ó kó ìwé ìbéèrè náà fún mi ní odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà, kí n lè fi kíkà rẹ̀ kọ́ra. Títí di òní ni mo ń bi ara mi léèrè: ẹni tí ó kó ìbéèrè ìdánwò lé olùkọ́ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ni ó rò pé olùkọ́ náà yóò fi ṣe? Mo ti rí ìbéèrè, mo ti rí àyè ìdáhùn, mo sì ti gbọ́ pé káàdì pupa ń bẹ. Bí mẹ́ta yìí bá pàdé níbì kan, ìdánwò ni orúkọ wọn.

Fún ọ̀sán mẹ́ta gbáko, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì kìíní jọ lẹ́yìn àkókò ẹ̀kọ́, mo sì kọ́ wọn.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fọ ẹnu lóòjọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, mà. Láàárọ̀, àti kí a tó sùn, mà."

"Ṣé ẹ máa ń jẹ súìtì?"

"Rárá, mà. Súìtì ń ba eyín jẹ́, mà."

Ọmọkùnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn nawọ́ sókè. Ọmọ ọlọ́jà àgbò ni. "Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ lánàá, mà."

"Ìbéèrè náà kò bi ọ́ nípa àná," ni mo dá a lóhùn. "Jókòó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ féèlì níbí." Féèlì ni mo wí, kí ó lè yé wọn dáadáa. Ọmọ ọmọ mi jókòó ní iwájú pátápátá, ó ń mi orí sí ọ̀rọ̀ mi bí alága ìjọ. Òun ni ó mọ ìdáhùn náà sórí jù.

Ìwé kan tún wà fún ilé kọ̀ọ̀kan láti kọ. Mo fi kálámù onítàdáwà mi kọ tèmi, létòlétò. Ìbéèrè kan ní: ṣé ọmọ yìí máa ń jẹ nǹkan dídùn láàárín oúnjẹ? Mo kọ ọ́ pé, "Rárá." Èyí béèrè àlàyé. Nínú ilé mi, bí ọmọ bá ka orin Dáfídì kan láìṣì, tàbí tí ó ka ìsirò onílọ́po méje já, mo máa ń mú súìtì kan fún un láti inú àpamọ́wọ́ mi. Ọmọ náà ní ọpọlọ púpọ̀, nítorí náà súìtì rẹ̀ kì í wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ìwé ni mo ka èyí sí. Nǹkan dídùn láàárín oúnjẹ, lójú tèmi, ni ohun tí àwọn ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé ń rà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìbéèrè kẹsàn-án ni ó le jù. Ó ní: ǹjẹ́ àgbàlagbà kan wà nínú ilé tí eyín rẹ̀ ti jẹrà tàbí tí ó ti ká? Mo kọ ọ́ pé, "Kò sí." Òótọ́ ibẹ̀ ni pé gbogbo eyín òkè mi pátá ni ó ti ká kí ọmọ yìí tó dáyé. Tíì onísúgà márùn-ún nínú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, láàárọ̀, ní ọ̀sán àti kí n tó relé, fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ni ó kó wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Eyín àtọwọ́dá ni mo ń wọ̀. Ẹni méjì péré ni ó mọ̀: ọkùnrin tí ó bá mi ṣe é ní Èkó lọ́hùn-ún, àti olóògbé ọkọ mi, tí ó gbé àṣírí náà lọ bí ọkùnrin gidi. Mo ti ní kí ẹni tí ó ṣe é fi èjí sí i, níbi tí èjí mi wà láti ìgbà ọmọge, kí ó má baà sí ẹni tí yóò fura. Bí àwọn ènìyàn bá yìn mí pé èjí mi kò yẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, n kì í sì purọ́ kankan. Nínú ilé, ife tí mo ń fi wọ́n sí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn Bíbélì ńlá, ìlẹ̀kùn yàrá mi sì máa ń wà ní títì títí n ó fi wọ̀ wọ́n tán.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àwọn ọmọ náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bi wọ́n léèrè, wọ́n dáhùn bí ẹni tí ń ka ìwé. Dókítà ń kọ, awò rẹ̀ ń yọ̀ wá sórí imú. Nígbà tí ó kan ọmọ ọlọ́jà àgbò, ó la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ sì pupa fòò.

"Kí ló ṣe ahọ́n ẹ?" ni dókítà béèrè.

"Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, mà."

Mo wo àjà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé sóbò dídì inú ọ̀rá ni, tí obìnrin ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ máa ń tà. Káàdì aláwọ̀ ewé tán nínú àpò dókítà kí ọ̀sán tó pọ́n. Páálí ni wọ́n gé kún un. Bí mo ti ń jáde lọ, obìnrin ẹnu ọ̀nà náà kí mi láti ẹ̀yìn ìgò súìtì àti bisikíìtì rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Mo gbọ́ pé kò sọ́mọ kankan tó ń jẹ súìtì nílé ẹ̀kọ́ yìí. Ta ló wá ń ra ọjà mi o? Àbí iwin ni?"

Mo sọ fún un pé kí ó máa bójú tó ìgò rẹ̀.

Ọdún náà yí po. Nínú ọdún yìí kan náà, mo ṣàkíyèsí pé ìwà ọmọ ọmọ mi ń tutù sí i. Kò béèrè omi inú fíríìjì mọ́. Omi lásán ni ó ń mu. Bí mo bá bu ẹran sí oúnjẹ rẹ̀, ó máa ń mú un padà wá sínú àwo mi, a sì wí pé, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, màmá." Ó ń jẹun jẹ́jẹ́, lápá kan ẹnu, bí ọmọ ọba. Mo ka gbogbo èyí sí èso ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ. Mo tilẹ̀ dìde nínú ìpàdé àwọn ìyá ìjọ láti jẹ́rìí sí i, mo sì jẹ ẹran náà.

Nígbà tí dókítà padà wá ní ọdún kejì, a ti wo ìlàjì àwọn ọmọ kí ó tó gbé kálámù lélẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní omi mu, ó sì fa àga súnmọ́ mi.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú," ni ó wí. "Ìwé ọdún tó kọjá sọ pé àwọn ọmọ yìí ò jẹ súìtì, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń fọ ẹnu. Ẹ sì wo ẹnu wọn. Ihò lọ́tùn-ún, ihò lósì. Mi ò sun oorun tó dáa látàná. Ó ti ń ṣe mí bíi kí n kọ ọ́ fáwọn ọ̀gá mi pé, ní àdúgbò tibí, súìtì kọ́ ló ń ba eyín jẹ́."

"Kí wá ni?" ni mo béèrè. Ohùn mi kéré.

"Bóyá omi kànga. Wọ́n á ní kí n máa pọn omi Ìbà wá fún wọn nínú ìgò."

Mo wo omi tí ó wà nínú ife mi. Ìwádìí odindi ọdún kan ni mo rí tí ó ń rì níwájú mi, èmi ni mo sì lu ọkọ̀ náà nísàlẹ̀. Síbẹ̀, ẹnu tí ó ti ń pa àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ láṣẹ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò rí bí yóò ṣe wí pé, "Mo jẹ̀bi." Mo pe ọmọ tí ó kàn.

Ọmọ ọmọ mi ni. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí dókítà, ó jókòó, ó sì pa ètè rẹ̀ pọ̀ gírígírí.

"La ẹnu, ọmọ dáadáa," ni dókítà wí.

Ọmọ náà mi orí pé rárá. Mo lo ohùn mi, ohùn tí ó ti mú kí gbọ̀ngàn tí ó kún fún ariwo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn náà kò ṣiṣẹ́. Omijé ti gba ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ètè kò ṣí. Àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà ti ń na ọrùn wò wá.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni dókítà bi í jẹ́jẹ́. "Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni?"

Ọmọ náà sọ̀rọ̀ láti àárín eyín, láìla ẹnu ju bí ó ti yẹ lọ. "Tí mo bá là á, màmá máa féèlì."

Nígbà náà ni omi tútù, ẹran inú àwo mi àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan tí ó fi ń jẹun tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú mi bí ìsirò tí ẹlòmíràn bá mi ṣe. Ọmọ yìí ti fi ọ̀pọ̀ oṣù gbé ìrora káàkiri ilé mi, nítorí kí orúkọ mi má baà bàjẹ́, mo sì ti fi jẹ́rìí nínú ìjọ.

N kò ro ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti àtàǹpàkò mi sí òkè ẹnu, mo fa eyín mi yọ, pẹ̀lú èjí rẹ̀, mo sì gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ọmọ náà.

Ọmọ ọmọ mi wo eyín tí ó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo ẹnu mi. Ó tún wo ọwọ́ mi. Ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, ó ṣí gbàgàdà, ó ṣí débi pé a lè rí ọ̀nà ọ̀fun. Ní ẹnu ọ̀nà, gbogbo ẹnu tí ó tò síbẹ̀ ṣí bákan náà.

Dókítà kò fi àkókò ṣòfò. Ó ti gbé dígí kékeré rẹ̀ sínú ẹnu ọmọ náà. "Ẹ má tíì dá a padà, màmá," ni ó wí láìwo ẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ó ku apá òsì."

Mo dúró bẹ́ẹ̀. Èmi, níwájú kíláàsì kan pátá, akáyín, pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́. Níwọ̀n bí kò ti sí ògo kankan tí ó kù láti dáàbò bò, mo jẹ́wọ́ níbẹ̀: pé èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìdáhùn, pé èmi ni mo ń fún ọmọ tèmi ní súìtì, àti pé irọ́ ni mo kọ sí ìbéèrè kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gba àárín ọ̀rọ̀ kọjá bí ìgbà tí ènìyàn ń súfèé.

"Mi ò gbọ́ yín, màmá," ni dókítà wí.

Mo dá eyín padà sí ààyè rẹ̀, mo sì tún gbogbo ìjẹ́wọ́ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá fẹ́ fìyà jẹ agbéraga, kí a ní kí ó jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà yọ awò rẹ̀, ó nù ún títí. "Odindi ọdún kan, màmá," ni ó wí. Èyí dùn mí ju èébú lọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Omi kọ́ nìyẹn?"

"Omi kọ́."

"Ẹ ṣeun." Ó tún awò rẹ̀ wọ̀. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látòkè."

Ó pe àwọn ọmọ tí a ti yẹ̀ wò padà, ó sì bi gbogbo wọn léèrè fúnra rẹ̀. Ó ní kí n jókòó sí igun kí n má sọ̀rọ̀, ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò fi mí sí igun kíláàsì. Àwọn ọmọ náà fi òtítọ́ ṣe fàájì. "Kì í ṣe bí wọ́n ṣe bí mi, mà," ni ọmọ ọlọ́jà àgbò wí, "sóbò ni. Mo tún ti mu méjì lónìí." Ọmọ kan ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni òun ń fọ ẹnu, ní ọjọ́ Àìkú, nítorí Ọlọ́run. Lọ́dún yìí, káàdì pupa ni ó tán. Obìnrin ẹnu ọ̀nà gbọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Màmá, wọ́n ti dá ọjà mi láre," ni ó wí, ó sì na bisikíìtì kan sí mi. "Ẹ gbà, ó rọ̀. Kò nílò eyín."

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo mú ọmọ ọmọ mi lọ bá dókítà ní ilé ìwòsàn. Eyín méjì ni ó ti bàjẹ́. Wọ́n dí ọ̀kan. Èkejì, tí í ṣe eyín ọmọdé, kò ṣeé tọ́jú mọ́, wọ́n yọ ọ́. Dókítà ní òmíràn yóò hù níbẹ̀. Nígbà tí a délé, a ṣa òkúta wẹ́wẹ́ méje, iye ọdún rẹ̀, ó dì wọ́n mọ́ eyín náà, ó sì jù wọ́n sórí òrùlé. Mo dúró tì í, mo ń lé alángbá, nítorí bí alángbá bá rí eyín náà, wọ́n ní òmíràn kì í hù mọ́. Mo mọ̀ pé kò sí nínú ìwé dókítà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dán an wò.

Ọmọ náà gbọ́ bí òkúta ṣe ń yí lórí páànù títí wọ́n fi dákẹ́.

"Màmá, àwọn tiyín ńkọ́? Ta ló jù wọ́n sórí òrùlé?"

"Ẹnikẹ́ni kò jù wọ́n."

"Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi hù," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣa òkúta tiyín."

Mo sọ fún un pé bí a bá ju òkúta tí ó tó iye ọdún mi sórí páànù yẹn, bàbá rẹ̀ yóò ra páànù tuntun.

Láti ọjọ́ náà ni súìtì ti kúrò nínú àpamọ́wọ́ mi. Ẹ̀pà ni ẹ̀bùn ìwé báyìí. Ẹ̀pà kò dùn tó súìtì, ìlọ́po méje ọmọ náà sì ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Mo ń fara dà á. Ní àdúgbò, n kì í ṣe ọ̀gá àgbà mọ́. Bí mo bá ń kọjá ní Ìyànà Ìbà, àwọn ọmọ máa ń tọ́ka sí mi láàárín ariwo àwọn agbèrò: "Màmá tó ń yọ eyín nìyẹn." Ọ̀kan bẹ̀ mí kí n yọ ọ́ kí ẹ̀gbọ́n òun rí i. Mo sọ fún un pé kì í ṣe eré ìtàgé.

Ọdún kẹta pé. Dókítà yẹ ẹnu ọmọ ọmọ mi wò fínnífínní, kò sì rí ihò tuntun kankan. Mo ti na ọwọ́ láti gba káàdì aláwọ̀ ewé, nígbà tí ó yọ aláwọ̀ ìyeyè.

"Dókítà," ni mo wí, bí olùkọ́ tí ó fẹ́ kí a tún máàkì kà, "kí ni ọmọ náà ṣì?"

"Kò ṣi nǹkan kan, màmá. Ẹ̀yin ni. Ìbéèrè kẹsàn-án." Ó yí ìwé náà sí mi. Ìwé tí mo tún kọ lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ mi ni, ìwé kíkọ tèmi, tàdáwà tèmi, létòlétò: *Ó wà. Èmi ni. Gbogbo ti òkè.* "Ilé tí àgbàlagbà bá ti ká léyín, ewu ọmọ ibẹ̀ máa ń pọ̀ díẹ̀ sí i. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo wo gbólóhùn mẹ́ta tí mo kọ náà. Ìlà kan péré ni n ó fà sí i, ọmọ mi yóò sì gba káàdì aláwọ̀ ewé. Kálámù wà lọ́wọ́ mi. Mo dé ọmọrí rẹ̀, mo sì dá ìwé padà.

Ọmọ náà kò tilẹ̀ bínú. Ó gbé káàdì rẹ̀ délé, ó sì fi lẹ ara dígí tí ó wà lókè ibi ìfọwọ́. Ibẹ̀ ni ife mi náà wà báyìí, kúrò lẹ́yìn Bíbélì. Láàárọ̀, àti kí a tó sùn, a máa ń dúró síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, búrọ́ọ̀ṣì méjì, a ń fọ eyín: tirẹ̀ lẹ́nu, tèmi lọ́wọ́.